Ẹ Má Ta Wákàtí Ìsinmi Yín



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa. Àwọn kan fẹ́ kí a máa ṣiṣẹ́ ní wákàtí ìsinmi ọ̀sán, kí wọ́n lè gba owó ofatáìmù. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ bá ti mọ́ iṣẹ́ kò nílò ìsinmi. Àwa kò fara mọ́ ọn.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ń mú ara le. Ní ọdún 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú London. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń ṣe àwọn dírẹ́bà tí ń jókòó ṣáá ju àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tí ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò lọ. Ọkàn tí a ń mú ṣiṣẹ́ a máa lágbára: ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan a pọ̀ sí i, kì í sì í sáré lù nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó kù. Iṣan tí ó gbé ẹrù wúwo a máa fara pa díẹ̀díẹ̀ nínú. Ìgbà tí a bá sinmi, tí a jẹun, tí a sì sùn, ni ara ń tún un ṣe, tí ó fi ń le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja wà lára ohun tí ara fi ń ṣe àtúnṣe náà. Bí a kò bá fún un láyè, ẹrù mìíràn yóò dé bá a kí ó tó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré ìdárayá fi ń ya ọjọ́ ìsinmi sọ́tọ̀. Ṣé alábàárù wá ni kò yẹ kó sinmi?

Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, àti odidi ọjọ́ 1 nínú ọjọ́ 7. Ẹ̀tọ́ wa ni, ọ̀gá kankan kò fi ta wá lọ́rẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé àti dírẹ́bà, ẹ fi wákàtí yìí dìde, kí ẹ rìn díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́rù, ẹ jókòó, ẹ jẹun. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìpàdé ẹ̀ka wa, ẹ má nawọ́ sí i. Owó ofatáìmù yóò tán lọ́jà ní Sátidé. Ẹ̀yìn tí ó bá bàjẹ́, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!