Ebi Kì í Ṣe Ààwẹ̀

Ní Ọjọ́rú Eérú tí ìgbà Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀, àlùfáà a máa ti ìka bọ eérú, a sì fi sàmì àgbélébùú sí iwájú orí ọmọ ìjọ. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi jó, tí a fi yọ̀, ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ èṣí ni a sun di eérú náà. Ohun tí a gbé sókè pẹ̀lú orin ayọ̀ ni ó padà di àmì ìrònúpìwàdà. Àwa ará Nàìjíríà tí a ti ń dìbò láti ọdún dé ọdún mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti í rí.

Láti ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ àwàdà kan ti gbòde. Bí a bá ti kéde ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, àwọn ènìyàn a ní àwọn kò tíì ṣínu ti èṣí. Ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Òtítọ́ rẹ̀ kò fara sin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà gan-an, ni ó kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróò ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà ti kọjá 500 náírà. Ní oṣù Kẹfà, a tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e, náírà sì wó lulẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba tí ń ṣe ìṣirò sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún kan ṣáájú lọ. Ní oṣù Keje ni a gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà sí 70,000. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín in: ó lé díẹ̀ ní 2,333 náírà lójúmọ́. Bí ènìyàn márùn-ún bá wà nínú ilé, ó di bíi 466 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a tó san owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ìwé ọmọ.

Àwọn tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ ní ìdí tiwọn. Owó ìrànwọ́ epo ń jẹ àpò ìjọba run, ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú onírúurú ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. A kò bá wọn jiyàn lórí èyí. Èdè tí wọ́n fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ni kò tẹ́ wa lọ́rùn: pé kí a ní sùúrù, kí a fara dà á díẹ̀ sí i. Èdè Lẹ́ńtì ni wọ́n yá lò, wọn kò sì yá ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni ó gba ààwẹ̀. Ẹni tí kò rí oúnjẹ, ebi ni ó ń pa á. Ibi tí àṣìṣe ọ̀rọ̀ àwàdà náà wà nìyí, òun náà sì ni àṣìṣe àwọn tí ń wàásù ìfaradà fún wa.

Ìjọ pàápàá mọ ìyàtọ̀ náà. Nínú òfin Ìjọ Àgùdà, ọjọ́ méjì péré ni ààwẹ̀ di dandan, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, fún ẹni tí ó ti pé ọdún 18 títí yóò fi pé ọdún 59. A kò sì fi ipá mú aláìsàn. Bí òfin ìjọ bá ń wo agbára ènìyàn kí ó tó di ẹrù lé e lórí, kí ni ó ṣòro fún òfin ìlú nínú rẹ̀? Ní ọdún 2023 kan náà tí a ní kí a fara dà á, ìròyìn gba ìlú kan pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ ń ra ọkọ̀ tuntun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 160 mílíọ̀nù náírà. Ààwẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìlú ìbá fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ bá wa sọ ọ́ fún wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbogbo rẹ̀ sí ìjọba lọ́rùn, ara wa ni a ń tàn. Àdúrà àti ààwẹ̀ nìkan kọ́ ni Lẹ́ńtì. Ìtọrẹ àánú wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú ní Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀bùn ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ènìyàn 10 kú báyìí ní Àbújá, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ń pín oúnjẹ. A kò bú inú rere ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ìhìn Rere tí a máa ń kà ní Ọjọ́rú Eérú, láti inú Mátíù orí 6, kìlọ̀ nípa ẹni tí ń fun fèrè kí ó tó ṣàánú. Ní ìlú tí ebi ti pọ̀ tó báyìí, fèrè náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìgbéraga, ó ti di ewu. Àánú tí ó bá ènìyàn nílé kì í tẹ ẹnikẹ́ni pa.

Ọdún 2025 sì fi nǹkan kan hàn wá tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 5. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti í ṣe Mùsùlùmí tí àbúrò sì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì lábẹ́ òrùlé kan náà, ilé tí a ti ń jí ṣe sààrì náà ni a ti ń fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ nítorí Lẹ́ńtì. Àwọn Mùsùlùmí ní ètò kan tí ó wù wá. Kí wọ́n tó kí ìrun Ìtúnu Ààwẹ̀, olórí ilé ní láti yọ ìwọ̀n oúnjẹ kan fún aláìní ní orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀, kí ebi má ṣe pa ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ọdún. Ìwọ̀n ni, kì í ṣe ohun tí ó bá ti wu ọlọ́rẹ. Lẹ́ńtì kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, nítorí náà oúnjẹ tí a fò lọ́sàn-án sábà máa ń padà sínú ìkòkò lálẹ́, aládùúgbò kò sì jèrè rẹ̀. Ìjọ kọ̀ọ̀kan lè fi ìwọ̀n lé e fúnra rẹ̀, láìdúró de àṣẹ Róòmù tàbí ti Kántábúrì.

Ìrètí tí a ń wí kì í ṣe pé owó epo yóò wálẹ̀ kí Àjíǹde tó dé. Olùkọ́ tí ń pe orúkọ ọmọ ní òwúrọ̀ mọ èyí tí ó ń tòògbé nítorí pé kò jẹun wá. Kí owó oúnjẹ kan tí a fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kọjá lọ́wọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, láìsí pátákó, láìsí ayàwòrán, kí ọmọ náà má sì mọ ẹni tí ó bọ́ òun.