Ìjẹ Ìwọ̀ Nígbà Ọyẹ́

 Ọ̀rọ̀ ẹja ìwọ̀ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ìjẹ tí a ń fọwọ́ ara wa pò nílé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò kò mọ ẹja tútù mìíràn ju èyí tí wọ́n ń wọ̀n láàyè fún yín lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà rí kí bàbá mi tó fẹ̀yìn tì.

Ọdún 35 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Kò ju oṣù méjì tí wọ́n jókòó sílé lọ tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wọn. Wọn a gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, wọn a sì máa wo géètì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá pè wọ́n padà. Ìwọ̀ nìkan ló tún gbé wọn dìde. Etí odò ni wọ́n ti dàgbà. Nítorí náà ni àwa méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ láti Ìgàndò lọ sí Ìyànà-Ìbà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí a ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí odò Òwò ní ìhà Ìṣàṣí, níbi tí ìjọba ti ń fa omi ẹ̀rọ.

Ìjẹ tí Bàbá ń pò kò le: inú búrẹ́dì tó ti lo ọjọ́ méjì, ẹ̀bà díẹ̀, edé gbígbẹ tí a lọ̀, àti ẹ̀kún ṣíbí epo pupa kan. Ní ìgbà òjò, ìjẹ yìí kì í tàsé. Ẹpìyà máa ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn ni. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ ṣe dé, odò pa lọ́lọ́. A lọ ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, a kò rí nǹkan kan. A lọ ní ìkejì, òfo ni. Nígbà tí a ń darí bọ̀ ní ìkẹta, Bàbá di agbọ̀n òfìfo mú lórí ẹsẹ̀ wọn nínú dáńfó, wọ́n sì sọ pé, “Ó jọ pé ọwọ́ mi ti gbó.” N kò rí èsì kankan fún wọn. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n ń padà sórí àga yẹn.

Ilé ìdáná ni mo ti rí èsì lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ din ẹyin, mo dorí ìgò epo kodò, epo kò dà. Ó ti dì gbagidi nítorí òtútù òwúrọ̀. Bí epo bá lè dì báyìí nínú ilé, báwo ni yóò ṣe tú sínú omi odò tó ti tutù láti òru? Ohun tí Bàbá fi ń pe ẹja ni ó ń ti òórùn mọ́ inú ìjẹ.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ara ẹja kì í dá ooru tirẹ̀ ṣe bíi tiwa. Bí omi bá tutù, ara rẹ̀ náà yóò tutù, oúnjẹ yóò pẹ́ kí ó tó dà nínú rẹ̀, kò sì ní jẹ púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń da ẹ̀kúnwọ́ ìjẹ sómi nígbà ọyẹ́ ń bọ́ ẹja yó lásán ni. Òórùn tó ń yòrò sínú omi ni ó yẹ kí a wá, kí ìjẹ fúnra rẹ̀ sì kéré. Ẹja àrọ̀ pàápàá, irùngbọ̀n rẹ̀ ni ó fi ń tọ́ nǹkan wò, kò dìgbà tó bá fi ẹnu kàn án.

Báyìí ni mo ṣe pò ó. Mo mú inú búrẹ́dì ife kan, ìyẹ̀fun àgbàdo ìdajì ife, àti edé gbígbẹ lílọ̀ ẹ̀kún ṣíbí méjì. Mo gún irú tí mo rà lọ́jà Ìkọ̀tún, ẹ̀kún ṣíbí kan, mo pò ó mọ́ wọn. Omi kíkan orí ògì ni mo fi ń rọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí omi bá ti pọ̀ jù, kò sí àtúnṣe tí kò ní sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ẹ pò ó títí yóò fi rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fa òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì pò ó mọ́ ọn. Okùn òwú yìí ni kì í jẹ́ kí ìjẹ rírọ̀ já bọ́ lẹ́nu ìwọ̀. Ẹ wé e sínú aṣọ tútù, kí ó sinmi di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá dé odò, ẹ gé e bí ẹyọ ẹ̀wà kan fún ẹpìyà, nítorí ẹnu rẹ̀ kéré. Ti àrọ̀ lè tóbi díẹ̀ sí i.

Ó ku bí mo ṣe máa sọ fún Bàbá. Ta ni èmi tí mo máa kọ́ ọmọ etí odò ní ẹja pípa? Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí.” Wọ́n gbé e símú. “Irú? Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè fún ẹja ni?” Mo gbé ìgò epo tó dì fún wọn. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n dúró pẹ́, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí a má tètè jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí a jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ ta sí omi, nítorí etí odò tí kò jìn ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Èyí kò sí nínú èrò tèmi rárá.

Aago mẹ́wàá kọjá kí a tó ju ìwọ̀. Ẹpìyà mẹ́ta ni a kó bọ̀, àti àrọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọ̀pá lọ mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n pariwo. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ariwo wọn.

Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti bú wa lẹ́rìn-ín, ó ní oògùn kòkòrò ìgò kan péré ni yóò jẹ́ kí gbogbo ẹja léfòó. Ojú Bàbá pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Òfin ẹja inú odò ti ọdún 1992 lòdì sí fífi májèlé pa ẹja. Gammalin 20 tí àwọn kan ń dà sódò láyé àtijọ́, oògùn oko kòkó ni. Lindane tó wà nínú rẹ̀ ni àdéhùn àgbáyé ti Stockholm kà mọ́ àwọn ohun tí ó yẹ kí a mú kúrò nílẹ̀ ní 2009. Ẹ má sì pẹja nínú gọ́tà tó ń ṣàn nítòsí ààtàn Solous ní Ìgàndò, bó ti wù kí ẹja ibẹ̀ sanra tó.

Màmá mi ń bínú báyìí pé òórùn irú ti gba fìríìjì, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá ń tọ́jú ìjẹ tó bá ṣẹ́kù sí. Bàbá kò dá wọn lóhùn. Wọ́n kàn ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ síbí pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, epo yóò padà sínú ìjẹ.