Òòbẹ̀ Emil Ferris

Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí ẹni ń kẹ́dùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pa òwe yìí: gidi ti wọ́n, ẹ jẹ́ ká fara mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Lójú tèmi, ẹbọ gan-an ló jẹ àwọn àgbà lógún. Ẹbọ ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà kì í sì í dúró de àdán.

Emil Ferris, ayàwòrán ará Chicago ní Amẹ́ríkà, ń lọ sí nǹkan bí ọmọ 40 ọdún nígbà tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Ẹ̀fọn náà ló kó ibà West Nile ràn án. Ó rọ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń yàwòrán jẹun náà kò gbé nǹkan mọ́. Ẹ̀fọn kan ṣoṣo! Ọmọ kékeré sì wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń dá tọ́.

Wọ́n fi téèpù so kálàmù mọ́ ọwọ́ náà, ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Chicago, ó gboyè, ó sì tún fi ọ̀pá rìn.

Bíírò tí ọmọ iléèwé fi ń kọ nóòtì ló fi ya ìwé aláwòrán rẹ̀, *My Favorite Thing Is Monsters*, tí ojú ewé rẹ̀ rí bí ti ìwé onílà. Karen, ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá tó ń ya ara rẹ̀ bí ìkookò, ló ń wádìí ikú aládùúgbò rẹ̀, Anka. Ẹ wo ojú Anka: ìlà tín-ín-rín dábùú ìlà tín-ín-rín, títí òkùnkùn fi kóra jọ sábẹ́ ìpéǹpéjú. Bíírò kò ṣeé pa rẹ́; ìlà tó bá ṣì fà, àfi kó wá iṣẹ́ fún un. N kò mọ ọ̀dà olówó ńlá tí ì bá gbé ìbànújẹ́ obìnrin yẹn jáde tó bẹ́ẹ̀. Òòbẹ̀ yìí ta àdán yọ.

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé 48 kọ ìwé náà kí Fantagraphics tó gbà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó ń kó o bọ̀ wọko gbèsè, ẹrù há sí Panama. Oṣù kejì ọdún 2017 ló tó jáde. Lọ́dún 2018, ó gba ẹ̀bùn Eisner mẹ́ta, ẹ̀bùn tí àwọn oníwèé aláwòrán Amẹ́ríkà ń bọ̀wọ̀ fún jù. Apá kejì jáde lọ́dún 2024, bíírò náà ló sì tún fi yà á.