Àlejò Tí Ó Gbé Àpò Kọ́ Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá máa ń bi wá lẹ́yìn Máàsì, tí àwọn bàbá sì ń jiyàn lé lórí lábẹ́ igi: kí ni kí á ṣe sí àwọn ọ̀dọ́ àjèjì tí wọ́n gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń gba ìlú wa kọjá? Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń ti Kutọnú wá, wọ́n á gba Àjàṣẹ́, Sakété àti Pobẹ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú táàsì tàbí lẹ́yìn zémi, eruku pupa á ti bo irun wọn. Àwọn mìíràn ń bọ̀ láti ìhà Abẹ́òkúta, wọ́n gba Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá wọlé. Wọn kò ní ẹbí níhìn-ín, wọn kò sì gbé ọjà lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ rí ẹnu-bodè Akaba Ìdènà, wọ́n fẹ́ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ó bá bọ́ sí àsìkò, wọ́n sì fẹ́ mọ bí a ti ń gbé. Àwọn kan nínú wa a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé, "Àwọn wọ̀nyí kò kúkú níṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa pé ta ni ó tẹ Kétu dó. Àwọn arìnrìn-àjò ni. Àwọn àgbà sọ fún wa pé Ṣóìpàṣán kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ifẹ̀, wọ́n sọdá odò Ògùn, wọ́n dúró ní Òkè Ọyán, wọ́n sì tún rìn dé Aró, níbi tí ọba púpọ̀ ti jẹ tẹ̀léra. Láti Aró ni Ọba Ẹdẹ ti gbéra pẹ̀lú àwọn tirẹ̀, tí ọdẹ tí à ń pè ní Alálúmọ̀n sì ṣáájú, nítorí pé òun ni ó mọ igbó. Ilẹ̀ ṣú nígbà tí wọ́n dé ibi tí Kétu wà lónìí, wọn kò sì ní iná. Ìyá arúgbó kan wà nítòsí, Fọ̀n ni, Ìyá Páńkú ni wọ́n ń pè é. Kò gbọ́ èdè wọn dáadáa, kò mọ baba wọn, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní iná. Nítorí rẹ̀ ni ó fi jẹ́ àṣà pé bí Aláketu tuntun bá fẹ́ jẹ, a ó pa iná gbogbo ìlú, a ó sì lọ bu iná tuntun nílé Páńkú. Mo máa ń ronú nípa èyí. Ọba tí àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún, ó ń ránṣẹ́ lọ tọrọ iná nílé àwọn ẹlẹ́yà mìíràn, kí gbogbo ìlú lè rántí pé àlejò ni wọ́n nígbà kan.

Ìlú náà wá mọ odi, ó gbẹ́ yàrà yí ara rẹ̀ ká. Iṣẹ́ Aláketu Ṣà ni ìtàn fi èyí pè. Ẹnu-bodè ńlá náà sì ń jẹ́ Ìdènà, orúkọ tí ó le létí. Síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni àlejò ń gbà wọlé, tí a fi ń mọ̀ pé ó dé, tí a fi ń mọ ilé tí ó wọ̀ sí.

Ẹnu-bodè yẹn ni a ṣí fún Samuel Àjàyí Crowther ní oṣù Jánúárì ọdún 1853, nígbà tí ó ti Abẹ́òkúta wá bẹ Aláketu wò. Kì í ṣe ti ìjọ wa, ti ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ìtàn ni ìtàn. Ọmọ Òṣogùn ni, ogun kó o ní 1821 nígbà tí ó wà lọ́mọdé, wọ́n tà á, ó sì bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí a ti fi okùn mú lójú ọ̀nà nígbà èwe rẹ̀, ó tún ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà lọ sí ìlú tí kò dé rí. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀ ní Kétu. Ó ń sọ èdè tí wọ́n gbọ́, èyí sì ju ẹ̀bùn lọ.

Ṣáájú rẹ̀, ní òpin 1825, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Clapperton, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Lander ti gbéra ní Àgbádárìgì, wọ́n ń gba ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àìsàn pa méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́nà, Pearce àti Morison. Ṣùgbọ́n Clapperton kọ ohun kan sílẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Ó ní ìrìn ọgọ́ta máìlì ni àwọn ti rìn láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ẹrù àwọn pọ̀, ó wúwo, bí ọ̀wọ́ alárù mẹ́wàá ni ó ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ohun tí ó tó ṣílè kan kò sì sọnù. Àwọn alárù náà kò mọ̀ ọ́n rí, wọn kò sì ní tún fojú kàn án mọ́. Èmi gbà pé èyí ju odi Kétu lọ ní ohun tí a lè fi yangàn.

Àwa náà sì ti jẹ àjèjì lọ́nà tí kò dùn. Ní 1886 ogun Dàhòmì, ogun Ọba Glèlè, fọ́ Kétu, ó sì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Nígbà tí ìjọba Béhanzin wó, àwọn tí ó kù rìn padà wá sí ilé, wọ́n sì tún ìlú náà kọ́. Ìdílé mélòó nínú ìjọ yìí ni ó ní baba ńlá tàbí ìyá ńlá tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ọ̀nà Àgbómẹ̀ wálé?

Ní ọyẹ́ kan tí kò pẹ́, ọ̀rọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi. Opó kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà Pobẹ́ gba ọ̀dọ́ méjì sílé, ọkùnrin kan àti arábìnrin rẹ̀, òyìnbó ni wọ́n. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Omi ni ó kọ́kọ́ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí omi jẹ́ lórí òkè pẹrẹsẹ wa yìí, níbi tí kò sí odò nítòsí, tí àwọn ìyá wa ti ń fi ìkòkò gbe òjò láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn omi, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, ẹní. Ọ̀dọ́kùnrin náà na ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì sí i. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, fi owó rẹ sápò. Ìyá rẹ kò ha ní fún ọmọ tèmi lómi?" Ní àárọ̀, àwọn méjèèjì bá a yín àgbàdo kí wọ́n tó lọ.

Aládùúgbò rẹ̀ kan bínú. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Pendjari?" Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, wọ́n sì kó o wá bá mi.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo tún ń kọ síhìn-ín. Ní Pendjari, ní oṣù Máàyù 2019, àwọn àlejò ni wọ́n jí gbé, Faransé méjì, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń mú wọn rìn ni wọ́n sì pa. Àlejò kọ́ ni ó ṣe ibi náà. Bí a bá tilẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ̀rù náà yẹ kó mú wa dáàbò bo ẹni tí ó dé, kì í ṣe kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú alẹ́. Ṣùgbọ́n aládùúgbò náà ní ẹ̀tọ́ ní ibì kan: ìyá wa ì bá rán ọmọ kan sí olórí àdúgbò kí wọ́n tó sùn. Ohun tí Ìdènà ń ṣe nìyẹn láyé àtijọ́. Ìyá náà gbà bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò náà kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kí ara wọn.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin onízémi, ẹ má bínú sí mi. Kí á gba ìlọ́po mẹ́ta owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iye, olè ni, ẹ sì lè jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Fadá. Bí òjò bá ti pọ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn nípa ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí; ẹ má gbé wọn lọ há síbẹ̀ nítorí owó. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n kí àlejò, dípò kí wọ́n máa sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú "Yovó! Yovó!" kí wọ́n sì máa na ọwọ́. Àlejò náà sì ní tirẹ̀ láti ṣe: kí ó tọrọ àyè kí ó tó ya fọ́tò, pàápàá níbi Ìdènà, tí kì í ṣe ibi ìṣeré. Ẹni tí ó bá gbọ́ Faransé nínú ilé ni kí ó bá a sọ èyí, pẹ̀lú sùúrù.

Fadá Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, tí ó di àlùfáà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì ní 1928, jókòó ti àwọn àgbà, ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí Ṣábẹ̀ jáde ní 1964. Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ìtàn ìlú kan, àfi kí ẹnìkan ní ìlú náà fún un ní ìjókòó.

Ìtàn Ìyá Páńkú tí mo kọ sókè yìí, bí mo ti gbọ́ ọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé wọn a máa sọ ọ́ lọ́nà mìíràn nínú àwọn ìdílé kan. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá ní tiyín, ẹ pè mí lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Ìsinmi, tàbí kí ẹ rán ọmọ tí ó mọ̀wé kó wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. A ó fi í sí ojú ìwé yìí ní oṣù tí ń bọ̀.