Ta Ni Yóò Ní Kí Olóyè Pa Sìgá?

Kílọ́ọ̀bù aládàáni ló fa awuyewuye jù nígbà tí wọ́n ń ṣòfin tó ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ilé ọtí ní England. Ìjọba Labour kọ́kọ́ fẹ́ yọ wọ́n sílẹ̀: àwọn tó ń dáwó ẹgbẹ́ wọn fúnra wọn, kí ló kan ìjọba nínú èéfín wọn? Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ta kò ó béèrè pé ta ló ń gbé ọtí fún wọn níbẹ̀. Ẹni yẹn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Owó oṣù ló bá wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, aṣòfin 384 ní kí wọ́n má yọ kílọ́ọ̀bù kankan sílẹ̀, 184 ló kọ̀. Òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1, 2007.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ibi tí ìyà rẹ̀ wúwo sí. Wọ́n lè bu £50 lé amusìgá, ṣùgbọ́n onílé ọtí tó gbà á láyè lè san tó £2,500. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi ń ṣọ́ ilé. Níbi àríyá wa ní Peckham, ní London, bàbá tó fẹ́ fa sìgá á ká agbádá lé èjìká, á bọ́ sínú òtútù láìjẹ́ pé ọmọdé kankan bá a sọ̀rọ̀.

Nílé ńkọ́? Òfin wà. Fáṣọlá, gómìnà ìgbà náà, fọwọ́ sí ti Èkó ní 2014, ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní 2015. Síbẹ̀, olóyè jókòó sábẹ́ àkọlé tó ní kí wọ́n má mu sìgá, ó ń fa tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé asun dé kúnlẹ̀, èéfín bò ó lójú, ó wúkọ́, ó ní, “Ẹ má bínú, sà.” Òun ni èéfín fín, òun náà ló ń bẹ̀bẹ̀! Bó bá ní kí bàbá pa á, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ á sì bọ́.

Wọ́n á ní ilé ọtí tiwa kò ní ògiri, atẹ́gùn á gbé e lọ. Ti abẹ́ igi nìyẹn. Àwọn kílọ́ọ̀bù ìwòyí tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù, tí fèrèsé wọn kì í ṣí, tí ṣíṣà tún ń rú nínú wọn, ńkọ́?

Ẹ̀yin aláṣẹ Èkó, ẹ má retí pé ọmọ tó ń gbé ọtí ni yóò bá yín mú òfin ṣẹ. Ìwé àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ ni kí ẹ dì mú.