Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò ní pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fi kúrò ní Yunifásítì yìí. A ó fi ọdún kan sin ilẹ̀ bàbá wa, lẹ́yìn náà a ó wọ iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ aládàáni. Wọ́n ti kọ́ wa ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ wa ní ohun tí à á ṣe bí a bá fura pé wọ́n ń fi ẹ̀tanú bá wa lò níbi iṣẹ́, bóyá nítorí ẹ̀yà wa, tàbí ẹ̀sìn wa, tàbí nítorí pé a jẹ́ obìnrin? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ojú gbangba ni ẹ̀tanú wà. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ dókítà ní àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí ẹ̀ka kan ṣoṣo, wọ́n sì fi í ṣe òfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Dókítà adúláwọ̀ tó gba oyè kan náà ní Ìlú Ọba kò ríbi wọlé; ipò rẹ̀ kéré, owó oṣù rẹ̀ náà sì kéré. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sẹ̀ṣẹ̀ ní í fura. Inú ìwé ló ti rí i kà. Tòde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí yóò kọ lẹ́tà pé, "A kò gbé ọ ga nítorí ìlú tí o ti wá." Ohun tí yóò sọ ni pé ààyè kò sí, kí o ṣe sùúrù di ọdún tó ń bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wa sábà máa ń tọ̀. Àwọn kan á gbaná jẹ lójú ẹsẹ̀, wọn á máa bú ọ̀gá káàkiri ọ́fíìsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹjọ́ ti yí padà: àfojúdi wọn ni ọ̀gá ń rò, kì í ṣe ẹ̀tanú tirẹ̀ mọ́. Àwọn kejì á ní, "Fìjà fún Ọlọ́run jà, fọwọ́ lẹ́rán." Wọn á dákẹ́ títí wọn ó fi fẹ̀yìn tì. Ní tèmi o, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n sùúrù yàtọ̀ sí dídákẹ́. Sùúrù ní iṣẹ́ nínú, ìwádìí sì ni iṣẹ́ náà.

Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: Ẹni tí wọ́n gbé ga yìí, ǹjẹ́ ìwé ẹ̀rí wa dọ́gba? Ọdún mélòó ni ó ti lò? Ǹjẹ́ iṣẹ́ tèmi kò lábùkù? Ṣé gbogbo ènìyàn ni ọ̀gá yìí ń kanra mọ́, àbí àwọn tó jẹ́ irú mi nìkan? Ọ̀gá tó ń kanra mọ́ gbogbo ayé, ìwà burúkú ló ní, kì í ṣe ẹ̀tanú. Ẹ má gbàgbé pẹ̀lú pé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fúnra rẹ̀ ní kí ipò nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kárí ẹ̀yà àti ìpínlẹ̀ gbogbo. Ó lè dun ẹni tí kò rí tirẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó dun ni ni ó lòdì sófin.

Bí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí bá fi hàn pé ìfura wa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí a mú bírò. Kí a kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí a kọ ohun tí wọ́n sọ àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Kí a tọ́jú gbogbo lẹ́tà sí ilé, kì í ṣe sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó lọ bá ọ̀gá, kí a fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ó kù tí mo ní láti ṣe kí n tó lè gòkè?" Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Bí èsì kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a fi ìwé béèrè, kí a sì ní kí wọ́n fi ìwé dáhùn.

Ṣùgbọ́n kí a má dá lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Ní Èkó, ní ọdún 1888, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òyìnbó ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi kan àti pásítọ̀ adúláwọ̀, Moses Ladejo Stone. Ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nínú rẹ̀. Òyìnbó yọ Stone níṣẹ́ láì bi ìjọ léèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bá a jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí ìhà méjèèjì tún parapọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ní 1914, Mojola Agbebi, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ tó yapa, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1890 ẹ̀wẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther jókòó sí ìpàdé kan ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó sì ń dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Bàbá arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Ní 1893, òyìnbó ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Oluwole àti Phillips, adúláwọ̀ méjì, ni wọ́n fi ṣe igbákejì rẹ̀. N kò dá Crowther lẹ́bi o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi wà.

Bí gbogbo èyí kò bá so èso, ilé-ẹjọ́ wà. Abala 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ lòdì sí ẹ̀tanú nítorí ẹ̀yà, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Àtúnṣe kẹta ti ọdún 2010 sì gbé ẹjọ́ ẹ̀tanú níbi iṣẹ́ lé ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a mọ iye tí ẹjọ́ ń náni. Ní 1995, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó lé obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí pé ó ní kòkòrò HIV. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2000. Ìdájọ́ kò jáde títí di 2012. Adájọ́ dá a láre, ó ní kí wọ́n san 7,000,000 náírà fún un. Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dáàbò bo irú wọn. Obìnrin yìí la ọ̀nà fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọdún 17 ti bá a lọ. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ lọ sí kóòtù bi ara rẹ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fẹ́ gbà padà, tàbí owó, tàbí kí irú rẹ̀ má ṣe ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tó bá sì yàn láti wá iṣẹ́ mìíràn kì í ṣe ojo, bí ó bá ti sọ tẹnu rẹ̀ kí ó tó lọ.

Lákòótán, ọ̀gá ọ̀la ni wá. Bí àwa Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ bá jókòó sórí àga tán tí a tún ń béèrè pé, "Ọmọ ibo ni?" kí a tó béèrè pé, "Kí ni ó mọ̀ ọ́n ṣe?", ẹnu wo ni a ó fi bá ẹlòmíràn wí? Ẹ jẹ́ kí a wádìí kí a tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti wádìí tán, ẹ má jẹ́ kí a dákẹ́.