Ìlù Ń Dún, Onílù Kò Sí Nídìí Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ohùn Tí A Ń Gbà Sínú Dùùrù Ìgbàlódé

Kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní Bárúwà kí ènìyàn dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ó máa gbọ́ gángan tí ń dún kíkankíkan, kí ó sì wọlé tán kí ó má rí onílù kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni yóò rí nídìí dùùrù, tí ìka rẹ̀ méjì ń tẹ ìlù náà jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, onílù tí a gba ohùn ìlù rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà wà nínú ìjọ gan-an, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ènìyàn, ó ń fetí sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. A ti jókòó nítòsí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò jó.

Àwa kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ìjọ lo dùùrù ìgbàlódé. Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ibi kékeré: ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ náà, ìjọ sì pọ̀ níbẹ̀ bí ilé ti pọ̀. Ní ti Bárúwà, ohun tí àwọn ìwé ìròyìn mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni epo pẹtiróòlù tí ó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga àwọn ará ibẹ̀ láti àárín ọdún 1990 sí 1999. Ẹni tí ń fowó ra omi tí yóò mu kì í fi owó ṣeré, ìjọ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì ń dáwó fún kò lè rọrùn láti san owó fún ọ̀wọ́ onílù àti afọnfèrè. Dùùrù kan tí ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n fi rọ́pò wọn.

Irú dùùrù bẹ́ẹ̀ ni àwọn atẹdùùrù ń pè ní workstation. Korg M1 tí ó jáde ní ọdún 1988 ni ó sọ orúkọ náà di mímọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n ohùn tí ilé iṣẹ́ kó sínú rẹ̀ nìkan ni ó ní. Fairlight CMI ti ilẹ̀ Australia ti ń gba ohùn láti òde wọ inú ẹ̀rọ láti ọdún 1979, àmọ́ owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé. Nígbà tí Korg Triton dé ní ọdún 1999, tí Yamaha Motif sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2001, iṣẹ́ yìí bọ́ sí ọwọ́ àwọn atẹdùùrù ìjọ.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. A ó so máìkì mọ́ dùùrù, onílù yóò lùlù, ẹ̀rọ yóò sì wọn ohùn náà nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ohùn náà sórí bọ́tìnnì dùùrù. Bí a bá gbà á lórí dò ìsàlẹ̀, tí a wá tẹ dò òkè, ṣe ni ẹ̀rọ ń ka ohùn kan náà ní ìlọ́po méjì ìyára rẹ̀. Ohùn náà yóò ga, ṣùgbọ́n yóò kúrú di ìdajì. Lórí àwọn dùùrù àkọ́kọ́ wọ̀nyí, inú mẹ́mọ́rì tí iná mànàmáná ń gbé ró ni ohùn náà ń gbé. Bí iná bá lọ kí a tó fi í pamọ́, ó parẹ́ nìyẹn. Orí floppy disk ni Triton ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí, ọ̀kan kò sì lè gba ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 16 lọ. Ará Bárúwà kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òun! Motif XF ti ọdún 2010 ti gba pátákó mẹ́mọ́rì tí kì í gbàgbé bí iná tilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣì ń kùn wọ inú máìkì, nítorí náà òru ni ó dára jù láti gba ohùn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò sí nínú ẹ̀rọ. Ìlù Yorùbá ń sọ̀rọ̀. Bí onílù bá fẹ́ fi ìlù wí pé "Olúwa tóbi", re mí re mí re ni yóò lù, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn ni ó wí. "Jésù" tilẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ, nítorí pé ṣe ni ohùn náà ń yọ̀ láti mí bọ́ sí dò: ọwọ́ onílù ń fún ọṣán pọ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀ kí ohùn náà tó kú. Ẹni tí ó gba ìró kọ̀ǹgọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, tí ó wá tẹ́ ẹ sórí gbogbo bọ́tìnnì, ní ìró ìlù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni gbólóhùn ìlù tí a rà ní rírà, tí a kò mọ ẹni tí ó lù ú. Ó lè jẹ́ oríkì olóyè kan, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ní òde àríyá. Ìjọ yóò máa jó sí i ní àkókò ìdúpẹ́, ìlù yóò sì máa kí ẹlòmíràn. Àwọn àgbà tí ó gbọ́ ìlù a máa wo ojú ara wọn.

Irú àṣìṣe yìí ti wọ ilé Ọlọ́run rí. Nígbà tí a túmọ̀ àwọn orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì fi wọ́n sórí ohùn orin òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó yí padà lẹ́nu akọrin. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù àgbà ní Cathedral Church of Christ ní ìlú Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, ṣe làálàá lórí ọ̀rọ̀ náà, ó kọ orin tí ó ń tẹ̀ lé bí a ti ń fọhùn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní ọdún 1953. Ó pẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ tó gba ìlù fúnra rẹ̀ wọlé. Yóò jẹ́ ohun àbùkù bí ìlù bá wọlé tán, tí a wá fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lóde.

Atẹdùùrù tí ó bá fẹ́ ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ pe onílù jókòó tì í. Kí ó gba ìsàlẹ̀, àárín àti òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí a lù jẹ́jẹ́ àti èyí tí a lù líle, kí ó sì gba ohùn tí ń yọ̀ gòkè àti èyí tí ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wíìlì tí ń yí ohùn wà lápá òsì dùùrù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ó ti sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ wá, kò lè yí ohùn ju ìwọ̀n bọ́tìnnì méjì lọ, bí a bá ka dúdú mọ́ funfun. Ìyẹn kéré fún gángan, ó yẹ kí a fẹ̀ ẹ́ sí i. Síbẹ̀, bí oníwàásù bá ṣàdédé dárúkọ opó kan tí Olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn, onílù tí ó wà láàyè yóò fi ìlù pe opó náà kí àmín tó tán lẹ́nu ìjọ. Dùùrù kò lè ṣe ìyẹn.

Owó ọ̀yà ńkọ́? Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, The Winstons, gba orin "Amen, Brother" sílẹ̀, èyí tí wọ́n mú ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti inú orin ìjọ. Láàárín orin náà, onílù wọn, Gregory Coleman, dá ìlù lù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn wá wọ́pọ̀, wọ́n gé ìṣẹ́jú àáyá méje yẹn jáde, wọ́n sì fi ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin káàkiri ayé. Coleman kú ní ọdún 2006 láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2015 ni àwọn olólùfẹ́ orin tó dá owó tí ó tó £24,000 jọ fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà. Onílù ti wà nínú ibojì.

Ní ilẹ̀ wa, Òfin Copyright ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tí ń ṣeré ní àṣẹ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀. Ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ gbà. Pé onílù jẹ́ ọmọ ìjọ kò pa àṣẹ yìí rẹ́. Àwọn baba wa pàápàá kò bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo Zonophone ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwo. Onílù tí ó wà nínú dùùrù Bárúwà, "Perc 01" ni orúkọ tirẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Ìdajì ojú ewé ìwé kan tó láti tún èyí ṣe: orúkọ onílù, ọjọ́ tí a gba ohùn náà, ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ, iye tí a san, àti bóyá ìjọ lè fún ìjọ mìíràn lò. Kí alàgbà tí ń bójú tó orin fọwọ́ sí i, kí onílù fọwọ́ sí i. A ò gbọdọ̀ gbàgbé atẹdùùrù náà, nítorí pé wọn kì í pẹ́ ní ojú kan: bí ìjọ tí ó tóbi jù bá pè é ní Ìkọ̀tún tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, inú flash tí ó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ìlù náà yóò bá a lọ. Kí ìwé náà sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tí ó ni ín ní ọjọ́ náà.